Bí Mo Ṣe Fi Àwọ̀ Wúrà sí Ìdérí Bàálù F-16 Kékeré Mi ní Àkúrẹ́

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo àwòrán bàálù ogun F-16 yóò rí i pé ìdérí tí ó bo orí awakọ̀ rẹ̀ kì í sábà mọ́ gaara bíi ti Alpha Jet tí àwọn ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà ń lò. Bí oòrùn bá bà lé e, àwọ̀ wúrà tí èéfín ti là díẹ̀ ni ó máa ń yọ. Ohun tí ó fà á ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n fi indium tin oxide ṣe, tí wọ́n tẹ́ sára ìdérí náà kí ìgbì rédà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá bàálù lójú òfurufú, má baà ráyè wọ ibi tí awakọ̀ jókòó, nítorí pé àga, àwọn ẹ̀rọ àti akoto awakọ̀ a máa dá ìgbì bẹ́ẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tí ń ṣọ́ wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe bàálù kékeré tí a ń fi ọwọ́ ara wa tò kì í sábà ṣe wàhálà àwọ̀ yẹn. Ìdérí tí ó mọ́ gaara ni wọ́n ń kó sínú páálí, ẹni tí ó bá fẹ́ ti wúrà ni yóò wá bí yóò ṣe rí i. Mo ti fi í sí ti F-16C tí mo tò ní ìwọ̀n 1/72 (gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú méjìléláàdọ́rin ti bàálù gidi) níbí ní Àkúrẹ́, ìlànà tí mo sì tẹ̀ lé ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Àwòrán ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo F-16 ni àwọ̀ ìdérí wọn bára mu: àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ gaara, àwọn kan ní àwọ̀ èéfín nìkan, ti àwọn mìíràn sì pọ́n débi tí ènìyàn yóò fi rò pé ọsàn ni wọ́n fún sí i. Nítorí náà, àwòrán bàálù tí ènìyàn ń tò gan-an ni ó yẹ kí ó wò, kí ó sì wo ju ẹyọ kan lọ, torí àwọ̀ yìí ń yí padà bí ibi tí ayàwòrán dúró sí bá ti yí padà. Ohun mìíràn tí ó mú kí ìdérí F-16 ṣòro ni pé ẹyọ ike kan ṣoṣo ni apá iwájú rẹ̀, láìsí irin tí ó la ojú rẹ̀ kọjá. Bàálù àtijọ́ tí ìdérí rẹ̀ ní férémù púpọ̀ máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. F-16 kò bo nǹkan kan.

Aró ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ta ni kò sì ní ronú kan aró nílẹ̀ Yorùbá? Mo lọ bá ìyá àgbà kan tí ń ṣe àdìrẹ nítòsí Ọjà Ọba, mo kí wọn, mo sì bi wọ́n pé, “Mọ́mì, ẹ jọ̀wọ́, ṣé aró yín lè wọ ike?” Wọ́n gba ìdérí náà lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì, wọ́n ní, “Ọmọ mi, òwú ni aró tèmi mọ̀. Ibo ló máa gbà wọ inú eléyìí?” Òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ. Aró àdìrẹ tí a fi kọ́ọ́sítíìkì sódà àti háídírọ́ọ̀sì pò máa ń yòrò sínú omi, yóò wọ inú fọ́nrán òwú, afẹ́fẹ́ yóò wá mú un gan síbẹ̀ bí a bá ti fa aṣọ náà yọ. Ike kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lára. Wọ́n jẹ́ kí n ti àjákù ike tí ó mọ́ gaara bọ inú ìkòkò wọn, omi ẹ̀rọ lásán sì ni ó ṣan gbogbo àwọ̀ náà kúrò.

Aró tí ń wọ ike wà o. Irú èyí tí wọ́n fi ń pa aṣọ pọ́líẹ́sítà láró ni, bíi Rit DyeMore, ooru ni ó sì ń ti í wọlé. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí pé polystyrene, irú ike tí ọ̀pọ̀ ìdérí kékeré jẹ́, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí omi bá ń súnmọ́ ìwọ̀n 100 lórí tẹmómítà Celsius, PETG, irú ike mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe ìdérí fún àwọn bàálù onírímóòtù sì ń rọ̀ ní nǹkan bí 80. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ 70 dáadáa, kí ó ní tẹmómítà lọ́wọ́, kí ó sì ní sùúrù. Fún èmi, kì í ṣe ooru nìkan ni ó lé mi kúrò níbẹ̀. Aró tí ó bá ti wọ inú ike kò ní jáde mọ́, bí ó bá sì wọ̀ jù, ìdérí náà ti lọ nìyẹn. Mo fẹ́ ọ̀nà tí ènìyàn lè padà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni pọ́líìṣì ilẹ̀ tí àwọn tí ń to bàálù kékeré mọ̀ sí Future. Akiriliki tí ó mọ́ gaara ni, ó ṣàn bí omi, ó sì máa ń gbẹ di awọ líle tí ń dán. Amóníà ń ṣí i kúrò lára ike láìpa ike náà lára, nítorí náà omi ìnugíláàsì tí ó bá ní amóníà nínú tó láti fi tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. A kì í rí Future rà ní Àkúrẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó bá mi mú ìgò kan bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Àwọ̀ tí mo pò mọ́ ọn ni ọ̀dà Tamiya tí ó mọ́ gaara: X-24 tí ó jẹ́ yẹ́lò, X-19 tí ó jẹ́ àwọ̀ èéfín, àti X-26 tí ó jẹ́ àwọ̀ ọsàn. Àwọn kan máa ń lo àwọ̀ oúnjẹ tí àwọn tí ń ṣe kéèkì ń rà, ó sì ń pò dáadáa, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ máa ń jẹ ẹ́. Bàálù mi wà lórí pẹpẹ tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń bá, n kò sì ní fi iṣẹ́ mi ta tẹ́tẹ́.

Ṣáájú kí àwọ̀ tó kan ìdérí, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dán, iṣẹ́ tí ó gba agbára jù lọ sì nìyẹn. Ìdérí F-16 yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ju ìdí rẹ̀ lọ, ẹyọ àdàkọ kan (ohun tí wọ́n ń da ike sí kí ó lè gba ìrísí) kò sì lè mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde, nítorí náà wọ́n máa ń lo àdàkọ tí ó pín, ibi tí àwọn apá rẹ̀ sì ti pàdé máa ń fi ilà kan sílẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn lórí ìdérí náà gan-an. Bí a bá fi ilà yẹn sílẹ̀, àwọ̀ yóò pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fi amọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré kún inú ìdérí náà kí ó má baà sán lábẹ́ ọwọ́ mi, mo wá fi ẹ̀yìn abẹ há ilà náà díẹ̀díẹ̀, láìtẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo mú sáńpépà 1000, mo bọ ọ́ sínú omi, mo fi ra ibẹ̀, mo tún fi 2000 tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ọ̀dà fún àwọn tí ń kun mọ́tò ni mo ti rà wọ́n. Ẹ má wá a lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta irinṣẹ́ káfíńtà, nítorí pé tiwọn hán jù.

Ní àkókò yìí, ìdérí náà yóò ti ṣú, ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí yóò sì rò pé òun ti bà á jẹ́. Ọṣẹ ìfọyín funfun lásán ni ó ń dá ojú rẹ̀ padà, irú èyí tí kì í ṣe jẹ́lì, nítorí yanrìn kíkúnná tí ó wà nínú rẹ̀. Mo fi sára àkísà òwú rírọ̀, mo ń yí i róbótó lórí ibẹ̀ pẹ̀lú omi díẹ̀, mo ń fọ̀, mo ń wò ó sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, títí tí mo fi lè ka ìwé ìròyìn láti inú rẹ̀. Mo wá fi ọṣẹ ìfọbọ́ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́ kí òróró ọwọ́ mi lè kúrò, mo sì jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ gbẹ, torí ike tí a bá fi aṣọ gbígbẹ nù a máa fa eruku mọ́ra.

Ó wá kan pípo àwọ̀, níbi tí ìṣirò kékeré kan ti ṣe pàtàkì. Bí a bá ti ri ìdérí bọ inú àwọ̀, inú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọ̀ náà máa bò. Bí a bá sì wá ń wo bàálù láti ẹ̀gbẹ́, ojú wa ń gba ìdérí kọjá lápá ọ̀dọ̀ wa, ó tún ń gbà á kọjá lápá kejì. Ìpele àwọ̀ mẹ́rin ni ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá yẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ tí ó bá dára lójú wa nínú ṣíbí fi máa ń ṣókùnkùn jù lórí bàálù. Mo da mílílítà 20 Future sínú ife kékeré, mo fi ẹ̀kán X-24 mẹ́wàá sí i, ẹ̀kán X-19 mẹ́ta, àti ẹ̀kán X-26 kan ṣoṣo. Lórí ìwé funfun, ó dàbí ẹni pé nǹkan kan kò sí níbẹ̀. Mo ri ìdajì ìgò síríǹjì kan bọ inú rẹ̀, mo gbé e lé orí páálí tí mo kùn ní àwọ̀ eérú bíi ti inú bàálù náà, ibẹ̀ ni wúrà náà ti jáde. Mo rora fi igi rò ó ni, n kò mì í, kí ó má baà hó, mo sì bò ó mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ìhó tí ó bá kù lè kú.

Ojú ọjọ́ Àkúrẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ irú iṣẹ́ yìí. Nígbà òjò, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí awọ náà tètè le. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá. Èmi yóò kúkú yan ọ̀rinrin, torí pé sùúrù ni ó ń gbà, eruku tí ó bá sì bọ́ sínú awọ tútù kò gbóògùn. Bálùwẹ̀ ni mo ti ṣe é. Mo wọ́n omi sí ilẹ̀ àti ara ògiri kí eruku lè jókòó, mo pa fèrèsé dé, mo sì wọ aṣọ tí kì í ta fọ́nrán.

Mo ti fi èèkù ike kékeré kan sílẹ̀ létí ìdérí nígbà tí mo ń gé e kúrò lára igi ike tí ó so mọ́ nínú páálí, ibẹ̀ ni mo fi ẹ̀mú kékeré dì mú. Mo jẹ́ kí ó fi ẹ̀gbẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú rẹ̀, mo fà á jáde bákan náà, láìdúró lójú ọ̀nà, nítorí pé ibi tí ọwọ́ bá ti dúró ni ilà yóò wà. Lẹ́yìn èyí ni mo gbé etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lé orí tíṣù tí mo ṣẹ́ po. Ohun tí ó ń mú àwọ̀ dọ́gba kò ju ìyẹn lọ: gbogbo àwọ̀ tí ó pọ̀ jù ń ṣàn lọ sí etí, bí tíṣù kò bá sì fà á mu, yóò gbẹ síbẹ̀ bí ilà dúdú. Mo ń gbé e sí ibi gbígbẹ mìíràn lórí tíṣù náà títí tí kò fi fi àbààwọ́n sílẹ̀ mọ́. Mo wá fi abọ́ dé e, láìfi etí abọ́ náà lẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, mo sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 48. Ẹni tí ó bá ń ṣí i wò ń pe eruku ni.

Àwọ̀ náà fúyẹ́ díẹ̀ sí èyí tí mo ń fẹ́, nítorí náà mo tún un rì lẹ́ẹ̀kejì, kíákíá, kí Future tútù má baà tú ti àkọ́kọ́. Mo fara mọ́ ọ̀nà ẹ̀ẹ̀mejì fífúyẹ́ yìí ju kí ènìyàn po àwọ̀ tí ó ki, kí ó sì rì í lẹ́ẹ̀kan.

Àwọ̀ wúrà máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, nítorí náà mo ti kun inú bàálù náà ní àwọ̀ eérú tí ó mọ́ ju ti gidi lọ, mo sì fi ọ̀dà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun fa ilà sí etí bẹ́líìtì àga. Láìṣe bẹ́ẹ̀, òkùnkùn ni ènìyàn ìbá máa wò. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni mo fi lẹ ìdérí náà mọ́ bàálù, torí ó ń gbẹ di ohun tí ojú ń ríran kọjá nínú rẹ̀. Èéfín súpà gúlù a máa mú ike ṣú funfun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé awọ Future ń dáàbò bò ó díẹ̀.

Èyí tí ó kù nínú ife, mo dà á sínú ìgò, mo sì kọ iye ẹ̀kán ọ̀dà kọ̀ọ̀kan sí ara rẹ̀. EA-6B Prowler ni ó kàn, bàálù tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà lò títí di ọdún 2015 láti fi dí rédà ọ̀tá lọ́wọ́, tí wọ́n fi wúrà sí ìdérí rẹ̀ kí agbára tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń tú jáde má baà pa àwọn tí ó jókòó sínú rẹ̀ lára. Àwọ̀ èéfín inú àdàlù rẹ̀ yóò kéré sí ti F-16.