Bí A Ṣe Ń Kẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Omi ní Yunifásítì: Etídò Ni Iṣẹ́ Wà

Ẹni tó bá fẹ́ gboyè nínú ìmọ̀ omi àti ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀, kó má fi orúkọ kan ṣoṣo wá a. Ní FUNAAB l'Abẹ́òkúta, Water Resources Management and Agrometeorology ni wọ́n ń pè é. Ní UNILAG, Marine Sciences ni. Ní FUTA l'Ákùúrẹ́, ẹ wo Fisheries and Aquaculture Technology. Ní OAU n'Ífẹ̀, abẹ́ Zoology ni àwọn tó ń ṣèwádìí odò àti adágún wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó ń béèrè, torí náà ẹ ka ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB tọdún yẹn kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Èyí tó wù kí ẹ mú, kẹ́mísírì ò ní fi yín sílẹ̀. Ẹni tó bá ń sá fún un ní sẹ́kọ́ńdìrì, kó ti ilé tún un kọ́.

Ọdún kìíní àti ìkejì ò le ju ti akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì yòókù lọ. Ẹ fọwọ́ gidi mú sítátísítíìkì, ẹ fúnra yín kọ́ Excel, kí ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Tí àkókò SIWES, ìyẹn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ ní ilé iṣẹ́, bá tó, ibi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò lójoojúmọ́ ni kí ẹ lọ, ì báà jẹ́ làbù ilé iṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ tàbí ti àwọn tó ń ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ má tìtorí owó ọkọ̀ lọ jókòó sí ọ́fíìsì tí wọn ò ti ní jẹ́ kí ọwọ́ yín kan ìgò.

Ibi tó ti máa ń bà jẹ́ ni etídò. Mo ti rí pírójẹ́ẹ̀tì tó dára lórí ìwé, tí alábòójútó ti fọwọ́ sí, àmọ́ tí gbogbo nọ́ńbà ọ́síjìn inú rẹ̀ kò wúlò, nítorí pé bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi fa omi, wọ́n sì dà á yàà sínú ìgò. Kò sí ẹ̀rọ kankan ní làbù tó lè tún sámpùlù tó ti bàjẹ́ létídò ṣe.

Ẹ múra láti ilé. Ráìnbúùtù tó ga ṣe pàtàkì, pàápàá níbi omi tí wọ́n sé. Ní ìdídò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983, àtọ̀sí ẹlẹ́jẹ̀ ti bá àwọn ará ibẹ̀ fínra tipẹ́. Inú ìgbín kéékèèké tó wà nínú omi ni ọmọ aràn rẹ̀ ti ń jáde, awọ ara ló sì ń gbà wọlé. Ọ̀sán gangan ló máa ń pọ̀ jù. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ orúkọ ibẹ̀ àti aago sára ìgò. Bírò á ṣí bí omi bá kàn án. Kò pọn dandan kí ẹ ra yìnyín, pure water tó ti dì gbagidi nínú kúlà fómù tó bẹ́ẹ̀, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwo tí a fi ń mọ bí omi ṣe mọ́ tó, èyí tí Angelo Secchi gbé jáde lọ́dún 1865, ẹ lè fi ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ṣe é: ẹ gé e sí sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ pín in sí mẹ́rin, ẹ kun ún ní dúdú àti funfun, kí ẹ so irin mọ́ ìdí rẹ̀. Ọsàn sì ni mo fi ń wọn bí odò ṣe ń sáré. Ó máa ń rì dé ọrùn, atẹ́gùn ò lè tì í. Ẹ wọn mítà 10, ẹ ju ọsàn sí i, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá, ẹ fi iye rẹ̀ pín 10, kí ẹ sì fi 0.85 sọ ohun tí ẹ bá rí di púpọ̀, torí pé ojú odò ń sáré ju inú rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kí àwọn apẹja: “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá.” Àwọn ló mọ ibi tó jìn àti ibi tí wọ́n ti ń da ìdọ̀tí sí odò lóru.

Aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo máa ń gba omi. Ìgbà náà ni kí ẹ̀yin náà máa gbà á, oṣù dé oṣù. Ewéko inú omi ń ṣe ọ́síjìn bí oòrùn bá ń ràn. Lóru, gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ló ń mí i, kò sí ẹni tó ń ṣe é. Ẹni tó gba ti oṣù yìí láàárọ̀, tó gba ti oṣù tó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, oòrùn ló ń wọ̀n, kì í ṣe odò. Ẹ wo ojú omi náà dáadáa. Ojú oró, òṣíbàtà àti water hyacinth tó wọ ilẹ̀ wa láti apá Bàdágírì lọ́dún 1984, ẹ kọ èyí tí ẹ bá rí sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti bo omi pátápátá, ìmọ́lẹ̀ ò ní wọlé, ọ́síjìn ìsàlẹ̀ á sì lọ sílẹ̀.

Ó wá ku ìgò. Ẹ kọjú sí ibi tí odò ti ń ṣàn bọ̀, kí ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ yín rú máa bá omi lọ sẹ́yìn. Ẹ mú ìgò 300 mL onídèérí gíláàsì, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, ẹ fi í dùbúlẹ̀ díẹ̀, kí omi wọ ọ́ jẹ́jẹ́. Bí ó bá ń dún gùlù-gùlù, ẹ ti yára jù. Ẹ dà á nù. Abẹ́ omi níbẹ̀ ni kí ẹ ti dé e. Ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ gbé e síwájú oòrùn, kí ẹ yẹ abẹ́ èjìká rẹ̀ wò. Èéhó atẹ́gùn kan ṣoṣo tó fara pamọ́ síbẹ̀ ti tó láti ba ìṣirò jẹ́. Ẹ tún un gbà.

Ọ̀nà tí Lajos Winkler, ará Hungary, gbé jáde lọ́dún 1888 la ṣì ń lò. Ẹ fi pìpẹ́ẹ̀tì, tí ẹnu rẹ̀ rì sínú omi, fi manganese sulphate mílílítà 2 sí i, ẹ fi alkali-iodide-azide mílílítà 2 tẹ̀ lé e, ẹ dé e, ẹ dorí rẹ̀ kodò léraléra. Bí ọ́síjìn bá wà, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á pọ́n bí ọ̀gì bàbà. Bí ó bá funfun, kò sí ọ́síjìn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì, ẹ tún un gbọ̀n, kó tún sọ̀, kí ẹ tó fi sulphuric acid mílílítà 2 sí i. Etídò ni kí ẹ ti ṣe gbogbo èyí. Ẹni tó bá gbé ìgò lásán wọ ọkọ̀ lọ sí làbù ti gbé kòkòrò tó ń mí lọ, wọ́n á mu ọ́síjìn náà tán lójú ọ̀nà.

Ní làbù, ẹ fi sodium thiosulphate 0.025 N sí mílílítà 200 rẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣá, nígbà náà ni kí ẹ tó fi sítáàṣì sí i, kó di búlúù, kí ẹ wá máa bá a lọ títí búlúù náà yóò fi pòórá. Ẹni tó fi í sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní mọ ìgbà tí àwọ̀ búlúù pòórá. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí ẹ sè láàárọ̀ ọjọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Mílílítà thiosulphate kan tí ẹ lò jẹ́ mílígíráàmù ọ́síjìn kan nínú lítà kan. Omi tó gbóná tó 30°C kì í sábà gbà ju 7.5 lọ láti inú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá rí 11 láàárọ̀ kùtù, ìgò ni kí ẹ fura sí.

Ìgò ti kòkòrò àrùn yàtọ̀. Ẹ má fi omi odò ṣan èyí tí wọ́n ti sè, ẹ má sì kún un. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè gbọ̀n ọ́n.

Fún BOD, ìyẹn ìwọ̀n ọ́síjìn tí kòkòrò inú omi ń lò tán, ẹ gba ìgò kejì lójú kan náà, ẹ má fi kẹ́míkà sí i. Inú òkùnkùn ní 20°C ló máa wà fún ọjọ́ 5 gbáko, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè làbù tí iná rẹ̀ kì í lọ. Ẹ má gba omi BOD lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, torí ọjọ́ Àìkú ló máa pé, ẹ ò sì ní rí ẹni ṣílẹ̀kùn. Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ tàbí Ẹtì ni kí ẹ lọ sódò.