Bí fíríìsà kan ṣe ń pawó fún mi ní Under G

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni mí, Under G ni mo sì ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo wọ ọdún kẹta, owó tí kò ní bá mi du àkókò ìwé ni mò ń wá. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní lẹ́sìnnì rí, owó ibẹ̀ dáa, àmọ́ ọjọ́ tí o ò bá lọ, kọ́bọ̀ ò ní wọlé. POS náà ò yàtọ̀, ẹni tó bá fẹ́ jẹun nídìí ẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó tì í látàárọ̀ dalẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan gbájú mọ́ YouTube. Kí wọ́n tó pín owó ìpolówó orí fídíò gígùn fún èèyàn, àwọn 1,000 gbọ́dọ̀ ti máa tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì ti fi 4,000 wákàtí wo fídíò ẹ̀ láàárín ọdún kan. Mi ò ní sùúrù ìyẹn.

Ti àwọn tó ń ṣèlérí owó ọ̀fẹ́, mi ò tiẹ̀ yà síbẹ̀. MMM ní òun á máa lé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó lóṣooṣù, ó ti owó àwọn èèyàn pa ní oṣù Kejìlá 2016. CBEX ní owó á di ìlọ́po méjì láàárín 30 ọjọ́, ìyẹn náà tú ká ní oṣù Kẹrin 2025. Ẹni tó bá ní kí n kówó wá kí n lọ sùn, ohun tó ń tà ni mo máa kọ́kọ́ bi í.

Ohun tí èmi rí tà ni òtútù. Láti oṣù Kejì títí di oṣù Karùn-ún, ooru ìlú yìí kì í ṣe kékeré. Ọ̀pọ̀ yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ni kò ní fíríìjì, gbogbo ẹni tó bá sì ti kíláàsì dé, omi tútù ló ń bèèrè.

Mi ò wá tòkunbọ̀ lọ, torí ìjọba ò gbà kí wọ́n kó fíríìsà àlòkù wọ orílẹ̀-èdè yìí, ẹni tó bá sì rà á ò ní mọ ọ̀nà tó gbà wọlé. Àwọn tó ń ṣe àṣekágbá ni mo lọ bá. Tí wọ́n bá ti ń parí ìdánwò, bẹ́ẹ̀dì, fáànù, sílíńdà gáàsì, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń tà, torí wọn ò fẹ́ rù ú lọlé. Ọ̀kan nínú wọn ní fíríìsà onídèérí, irú èyí tí wọ́n ń ṣí láti òkè. ₦130,000 ni mo rà á, owó àjọ tí mo kó pọ̀ mọ́ ìyókù owó lẹ́sìnnì.

Kí n tó sanwó, mo ní kó tàn án, mo wá tẹ́tí sí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lẹ́yìn. Ó yẹ kó máa kùn jẹ́jẹ́, tí inú bá sì ti tutù tó, kó dákẹ́ fúnra ẹ̀. Èyí tí kì í sinmi, ó ṣeé ṣe kí gáàsì ẹ̀ ti máa jò, tàbí kí rọ́bà ẹnu ẹ̀ ti lọ. Fún rọ́bà yẹn, mo fi ₦200 há ẹnu ìdérí, mo pa á dé, mo sì rọra fà á. Tí owó bá yọ wọ́ọ́rọ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba ibẹ̀ wọlé nìyẹn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ yí i ká, ibì kan ò di owó mú, ibẹ̀ ni mo dúró sí já iye tó ń pè wálẹ̀. A gbé e ní ìnàró sórí kẹ̀kẹ́ akẹ́rù. Nígbà tó dé, a ò tàn án títí ilẹ̀ fi mọ́, kí òróró inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lè padà sàyè ẹ̀.

Ibi tí màá gbé e sí gba ìrònú ju rírà lọ. Àárín ilé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọjà ti ń yá, àmọ́ tí wọ́n bá gba ìsinmi, àdúgbò á dá páropáro. Mo wá lọ bá Ìyá Ìbejì, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní etí títì níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ àti onílé ti jọ ń kọjá.

"Ẹ kú ọjà, mà. Fíríìsà kan ni mo fẹ́ gbé síbí, ká jọ máa jẹ èrè ẹ̀."

"Èrè dáa, ọmọ mi. Ta ni ó máa san owó iná?"

Ó rò pé fíríìsà á jẹ káàdì iná òun tán. Mo ní ká má wulẹ̀ jiyàn, ká wọ̀n ọ́n. Lálẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n pa gbogbo iná tó kù, a ka ojú mítà, fíríìsà nìkan la fi sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a tún un kà, kò pé yúnìtì kan. "Kò jù báyìí náà lọ?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún un pé tọ̀sán máa pọ̀ jùyẹn, torí ooru àti ṣíṣí-pípadé, a sì fi í sí yúnìtì méjì lójúmọ́.

Àdéhùn wa ni pé a ó kọ́kọ́ yọ owó omi àti owó iná, ohun tó bá ṣẹ́kù, ọ̀nà mẹ́ta la ó pín in sí: méjì ti Ìyá Ìbejì, ọ̀kan tèmi. Àtúnṣe fíríìsà, ọrùn mi ló wà. Ọmọ wọn tó wà ní SS2 kọ ọ́ sínú ìwé, a sì jọ fọwọ́ sí i. Ṣírò ẹ̀ ò le: ₦400 ni wọ́n ń ra àpò pọ́ wọ́tà, 20 ló wà nínú ẹ̀, ₦50 ni ẹyọ kan tó bá tutù. Èrè orí àpò kan jẹ́ ₦600, kí a tó yọ iná. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé nìkan ni mò ń lọ ká jọ ka owó.

Àmọ́ omi kọ́ ló wá pawó jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe sóbò àti kúnú tà ni. Wọ́n á sè é lálẹ́, wọn ò sì níbi tí wọ́n á tọ́jú ẹ̀ sí. Ọ̀kan ló kọ́kọ́ wá bẹ Ìyá Ìbejì, ó ní òun á máa san ₦500 lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kó tó pẹ́, wọ́n ti di ọ̀wọ́ kan. Kò sí ọjà tí à ń rà síbẹ̀, àyè lásán la fi ń gbowó lọ́wọ́ wọn, ìyẹn ló sì sún mọ́ ohun tí mò ń wá jù lọ. Òfin méjì ni Ìyá Ìbejì ṣe: ẹni tí ò bá kọ orúkọ sára ìgò ẹ̀, wọn ò ní gbà á, ẹja ò sì gbọ́dọ̀ wọbẹ̀, bó ti wù kí ẹlẹ́ja bẹ̀bẹ̀ tó.

Ti iná tó ń lọ tó ń bọ̀, kíkún ni oògùn ẹ̀. Fíríìsà tó kún dẹ́nu lè di òtútù mú fún nǹkan bíi wákàtí 48 tí wọn ò bá ṣí i, tó bá kún dé ìdajì, nǹkan bíi 24. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò lè ṣe kí wọ́n má ṣí i, torí náà ni wọ́n ṣe ń kó èyí tí wọ́n máa tà sínú kúlà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, wọn ò tún fọwọ́ kan ìdérí mọ́. Tí iná bá dé lójijì, sítébiláísà ló ń gbà á sílẹ̀, mi ò sì jẹ́ gbé fíríìsà síbi tí kò ti sí.

Ìdá tèmi, mi ò kó o jẹ. FGN Savings Bond ni mò ń fi rà, ìyẹn owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá lọ́wọ́ aráàlú nípasẹ̀ DMO, àjọ tó ń bójú tó gbèsè ìjọba, láti 2017. ₦5,000 ló kéré jù tí wọ́n ń gbà, lẹ́yìn náà èèyàn lè máa fi ₦1,000 lé e. Alágbàtà ìpín ìdókòwò tí DMO fọwọ́ sí ni mo lọ bá. Wọ́n gba BVN mi, nọ́ńbà àkáǹtì báńkì, fọ́tò àti káàdì ìdánimọ̀, wọ́n sì ṣí àkáǹtì CSCS fún mi, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kọ ohun tí mo rà sí lórúkọ mi. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni wọ́n máa ń kéde iye èlé. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta lèèyàn lè mú, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni èlé sì ń wọ báńkì. Ká sọ pé ₦100,000 wà níbẹ̀ ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ₦3,750 ni á máa wọlé lẹ́ẹ̀kan. Owó kékeré ni, mo mọ̀, àmọ́ mi ò lọ kà á pẹ̀lú ẹnikẹ́ni ní Sátidé.

Ní báyìí tí àṣekágbá ti kàn mí, Ìyá Ìbejì ní fíríìsà ò gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù òun. A ti díye lé e, ₦100,000. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ la ó máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ìdá tiwọn, ọmọ wọn ló sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kan náà.