Bí a ṣe bọ́ lọ́wọ́ ẹkún nínú ọgbà ìṣeré
Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti kó àwọn ọmọ wa, ọlọ́dún 13, 8 àti 3, lọ sí ọgbà ìṣeré, ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà ni a sì fi ẹkún darí wálé. Mo kọ́kọ́ ní kí gbogbo wa jọ máa rìn pọ̀, àgbà inú wọn fajú ro. Mo tún ní kí wọ́n máa yan eré tí a ó ṣe níkọ̀ọ̀kan, oorun ti gbé àbíkẹ́yìn lọ kí ó tó kàn án.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, mo fi téépù wọn gíga wọn pẹ̀lú bàtà tí wọn yóò wọ̀, mo sì fi í wé gíga tí ọgbà náà kọ síta pé ọmọ gbọ́dọ̀ ga tó kí ó tó gun ẹ̀rọ ìṣeré kọ̀ọ̀kan. Sẹ̀ǹtímítà 119 ni gíga ọmọ àárín, ẹ̀rọ tí ó ń fọkàn fẹ́ sì ń béèrè 122. Ilé ni ó ti sunkún tirẹ̀ tán. Ní ọgbà, èmi dúró ti àwọn kékeré, bàbá wọn àti àkọ́bí gun ẹ̀rọ. Bí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ jẹ́ kí èmi náà gùn ún láìtún tò sórí ìlà. Kì í ṣe gbogbo ọgbà ni ó ń gba irú pàṣípààrọ̀ yìí, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó tò.