Ẹ̀rọ omi ló fa àìsàn ìlú, kì í ṣe àìtó ilé ìwòsàn

Nínú Cities: Skylines, eré kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ́ ìlú, bí àmì àìsàn bá bo orí ilé káàkiri, ẹ má tíì sáré kọ́ ilé ìwòsàn. Ẹ ṣí àwòrán omi, kí ẹ wo ibi tí ọfà ojú odò kọjú sí. Nínú ìlú tèmi, ẹnu páìpù ìdọ̀tí ló wà lókè odò, ẹ̀rọ tó ń fa omi wà nísàlẹ̀. Omi ìdọ̀tí aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn ni ẹ̀rọ náà ń fà padà sínú ilé. Mo kọ́ ẹ̀rọ tuntun sókè odò, mo fún un ní iná àti páìpù, kí n tó wó ti àtijọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wó o, gbogbo ìlú ni kò ní rómi lò. Àìsàn náà kì í lọ lójú ẹsẹ̀ o, ẹ ní sùúrù.