Rọ́bà omi ló jẹ owó mi

Ìgò sodium tetraethylborate (ethylborate, kẹ́míkà tí mo fi ń wọn TBT) kan ṣoṣo ni mo ní, owó ọjà ìyá mi la sì fi rà á. Ó ti lọ sí ìlàjì kí n tó mọ ẹni tó ń bá mi jà.

TBT (tributyltin), kẹ́míkà olóró tó ní tánńganran nínú, ni mò ń wá nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀sà, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń kun ọkọ̀ ojú omi l'Ápápá. Wọ́n máa ń pò ó mọ́ ọ̀dà kí ìṣáwùrú má baà lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀. Àdéhùn àgbáyé ti fòfin dè é láti 2008, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ò ka òfin.

Wíwa ẹrẹ̀, kíkó o sí fírísà, fífi acetic acid àti methanol yọ TBT inú rẹ̀, ìyẹn ò le. Wàá sọ omi rẹ̀ di pH 5, wàá da ethylborate sí i kí tánńganran inú rẹ̀ lè fò bí oru, wàá fi hexane fà á jáde, ó di inú GC-MS, ẹ̀rọ tó ń ya kẹ́míkà sọ́tọ̀ tó sì ń dá wọn mọ̀.

Blank, àyẹ̀wò òfìfo, ló dá mi dúró. Kò sí ẹrẹ̀ kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ DBT (dibutyltin), ìbátan TBT, yọ ṣóńṣó lójú kọ̀ǹpútà. Mo pààrọ̀ hexane. Ó wà níbẹ̀. Mo rẹ gbogbo ìgò sínú ásíìdì mọ́jú. Ó wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá tún un ṣe, ethylborate ń dínkù. Ọ̀gá mi ní TBT tó ti já ló di DBT. TBT wo, nígbà tí kò sí ẹrẹ̀? Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," mo dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, bàbá tó ń tọ́jú láàbù bá mi nídìí ẹ̀rọ omi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, omi tó ń gba inú rọ́bà tuntun yìí lo ń lò? Ṣé o ò gbóòórùn ike ni?" Mo fi imú sí i. Lóòótọ́! PVC, irú ike kan, ni rọ́bà ọ̀hún, DBT sì wà lára ohun tí wọ́n ń fi sí PVC kí ooru má baà bà á jẹ́. Mo gbé ìgò síbi ẹnu ẹ̀rọ gan-an, láìlo rọ́bà. Ṣóńṣó DBT ọjọ́sí wálẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ìgbà tí mo wá wọn BCR-646, ẹrẹ̀ tí wọ́n ti mọ iye inú rẹ̀, tèmi bọ́ sí àárín iye tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀. Mo fò sókè!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe é, ẹ kọ́kọ́ ṣe blank kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹrẹ̀. Ìgò kékeré-kékeré ni kẹ́ ẹ ra ethylborate, afẹ́fẹ́ ń bà á jẹ́.

Rọ́bà yẹn ṣì wà níbẹ̀ o. Àwọn tó ń wọn nǹkan míì ní kò dí àwọn lọ́wọ́.