Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Oorun Aláìsàn Alzheimer Tí Èémí Rẹ̀ Ń Dá Dúró Lóru

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń tọ́jú òbí tí ó ní àrùn Alzheimer (àrùn ìgbàgbé) gbà pé ogbó ló ń mú òbí náà hanrun, àti pé ìgbàgbé ló ń mú un tòògbé lọ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà ọ̀fun máa dí lóru, kí oorun sì máa já lemọ́lemọ́. Ìtọ́jú èyí kò ní wo Alzheimer sàn, àmọ́ ó lè dín oorun ọ̀sán kù.

Ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ mímí òbí yín lóru. Bí hanrun bá dákẹ́ lójijì, tí àyà ń lọ sókè sódò ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ kò wọlé, kí wọ́n tó wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí nínú omi, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá: ìdádúró tí ó bá tó 10 ni dókítà ń kà. Ẹ fi fóònù gba fídíò rẹ̀.

Ẹ gbé e lọ fún dókítà, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn wọn dání. Bí wọ́n bá ń lo donepezil, oògùn tí wọ́n ń fún aláìsàn Alzheimer, lálẹ́ tí àlá sì ń dẹ́rù bà wọ́n, ẹ bèèrè bóyá ó ṣeé yí sí òwúrọ̀. Ẹ má ṣe ra diazepam ní kẹ́míìsì kí wọ́n lè sùn, nítorí ó ń dẹ iṣan ọ̀fun, ó sì lè mú arúgbó ṣubú. Àyẹ̀wò oorun ni yóò sọ iye ìgbà tí èémí ń dúró ní wákàtí kan. Bí ó bá ti tó 30, ó le gan-an.

Ẹ̀rọ CPAP, tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú ìbòmú kí ọ̀nà ọ̀fun má baà dí, ni wọ́n sábà máa ń fi tọ́jú rẹ̀. Ìbòmú yìí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Àwọn èèyàn á ra ẹ̀rọ náà, wọ́n á dè é mọ́ ìyá wọn lójú ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, ìyá á rò pé ẹnìkan fẹ́ pa òun, á já a dànù, ẹ̀rọ á sì di ohun tí wọ́n gbé sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀sán ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ fi ìbòmú lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé e sí imú láìdè é, kí ẹ tó wá dè é nígbà tí wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ má kúrò lórí ìpele kan títí wọn yóò fi yéé já a. Àlàyé gígùn kò wúlò, wọn yóò gbàgbé rẹ̀. Oríkì wọn ni mo máa ń kì bí mo bá ń wọ̀ ọ́ fún wọn, oríkì kan náà lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe di ọwọ́ wọn láéláé. Ìbòmú tí ó bo imú nìkan ni kí ẹ yàn, nítorí èyí tí ó bo ẹnu léwu bí èébì bá gbé wọn tí wọn kò sì lè yọ ọ́ fúnra wọn.

Bí iná kò bá dúró, ẹ lo ínfátà, kí ẹ sì pa ohun tí ń gbóná omi ẹ̀rọ náà kí bátìrì lè pẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ fèrèsé: afẹ́fẹ́ inú yàrá ni ẹ̀rọ ń fẹ́ sí wọn nímú.

Títí ẹ̀rọ yóò fi dé, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ wọn lélẹ̀, kí ẹ ká ìró àtijọ́ sẹ́yìn wọn kí wọ́n má baà yí sí ẹ̀yìn. Láràárọ̀, ẹ gbé wọn jókòó síta níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ sì fọ ìbòmú náà pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le.