Bí Ilé Ìwòsàn Kékeré Ṣe Lè Fi Àtẹ̀jíṣẹ́ Tọ́jú Aláìsàn

Bí ẹ bá fẹ́ máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè àlàáfíà aláìsàn, ẹni tí yóò máa ka èsì wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó ra fóònù. Ẹ yan nọ́ọ̀sì kan tàbí méjì, kí ẹ sì ya owó ìpè sọ́tọ̀ fún wọn. Bí kò bá sí ẹni tó lè ráyè fún un lójoojúmọ́, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀, torí aláìsàn tó kígbe tí kò rẹ́ni dá a lóhùn kò ní gbà yín gbọ́ mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu aláìsàn kí ẹ tó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bi í bóyá òun nìkan ló ń lo fóònù náà, bóyá ó lè kàwé, àti èdè tó fẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí ẹ máa tẹ̀. Ẹ má dárúkọ àìsàn, ẹ má dárúkọ oògùn. "Ó ti tó àsìkò oògùn HIV rẹ" lè tú ilé ká bó bá bọ́ sójú ẹlòmíì. Ìlànà Kẹ́ńyà ló wù mí jù, nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2010. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n á tẹ "Mambo?" ránṣẹ́ sí àwọn tó ń lo oògùn HIV, ìyẹn ìkíni lédè Kiswahili. Ẹni tára rẹ̀ dá á dáhùn pé "Sawa", ẹni tó níṣòro á ní "Shida." Nọ́ọ̀sì á pe ẹni tó ní shida, á sì pe ẹni tó bá dákẹ́ fún ọjọ́ méjì. Nínú aláìsàn 100 tí wọ́n ń kí báyìí, oògùn ká kòkòrò HIV lọ́wọ́ kò lára 57. Láàrin àwọn tí wọn kò kí, 48 nínú 100 ni. Ìkíni àti ìpè lásán o!

Ẹ jẹ́ kó ṣe ṣókí. Lẹ́tà 160 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gbà, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá lo ẹ, ọ tàbí ṣ pẹ̀lú àmì abẹ́ wọn, ó lè já sí 70, kí owó sì di ìlọ́po méjì.

Èsì kò gbọdọ̀ ná aláìsàn lówó. Ẹ bẹ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fún nọ́ńbà ọ̀fẹ́. Kí ẹ tó rí nọ́ńbà náà gbà, kí aláìsàn pè yín lẹ́ẹ̀kan kó gé e, kí nọ́ọ̀sì pè é padà.

Nígbàkígbà tó bá wá gba oògùn, ẹ tún bi í bóyá nọ́ńbà rẹ̀ ti yí padà, àti bóyá ó ṣì fẹ́ kí ẹ máa kí òun.